Etí Ni Ń Kọ́ Ahọ́n: Ẹ̀kọ́ Hàmóníkà ní Clarksdale

Níbi tí títì 61 ti pàdé títì 49 nílùú Clarksdale, ní ìpínlẹ̀ Mississippi lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n gbé àwọn gìtá ńláńlá aláwọ̀ búlúù kọ́ sórí òpó kan. Àwọn àlejò kì í yé ya fọ́tò níbẹ̀, nítorí ìlú yìí àti àwọn oko òwú tó yí i ká wà lára ibi tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí a bá ń sọ orísun orin blues. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gìtá ló gbé mi wá. Hàmóníkà ni, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní máúùtì ọ́gàànì. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínṣì 4 lọ, àpò ṣẹ́ẹ̀tì gbà á, àtẹ́lẹwọ́ méjì sì lè bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

Mo wá kọ́ bí ahọ́n àti ọ̀fun ṣe ń mú kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Bí àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ náà bá di ohùn kan ṣoṣo mú, ohùn náà kì í dúró gbagidi. Á máa rì, á máa yọ, á máa gbọ̀n rìrì, ara ẹni tó ń gbọ́ ọ náà á sì gbọ̀n. Ahọ́n ló ń ṣe apá kan iṣẹ́ yìí, ọ̀fun ló ń ṣe apá kejì.

Ohun tó mú un ṣòro ni pé kò sí nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wò. Onílù ń fọ̀pá lùlù lójú gbogbo ayé. Ìka onígìtá wà ní gbangba, ọmọdé lè jókòó tì í kó máa ṣọ́ ọ. Ti afunhàmóníkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bo ihò, ọwọ́ rẹ̀ ti bo ètè, inú òkùnkùn ẹnu ni ahọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀fun sì tún jìn sínú ju ahọ́n lọ. Ní 2013, ẹ̀rọ MRI ni àwọn onímọ̀ kan, tí David Barrett tó jẹ́ olùkọ́ hàmóníkà ní California wà lára wọn, lò kí wọ́n tó lè fi àwòrán hàn bí inú ẹnu àti ọ̀fun ṣe ń yí padà nígbà tí èèyàn bá ń tẹ ohùn hàmóníkà wálẹ̀. Àwọn tó sọ iṣẹ́ yìí di ńlá ní Mississippi kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Etí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tí mo rí ní Clarksdale jẹ́ kó dá mi lójú pé etí náà la ṣì gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ lónìí.

Lórí tábìlì

Yàrá iwájú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń kọ́ wa, kò jìnnà sí ibùdó ẹrù ojú irin tí wọ́n kọ́ ní 1918, tó ti di Delta Blues Museum báyìí. A to àga yí ká. Awakọ̀ tírélà kan wà láàrin wa, nọ́ọ̀sì kan wà, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wà pẹ̀lú. Olùkọ́ wa jẹ́ àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú, ọmọ bíbí agbègbè náà, tí àwọn òbí wọn fi ọwọ́ ká òwú nínú oko wọ̀nyẹn. Èmi ní tèmi ń pè wọ́n ní Bàbá, inú wọn sì dùn sí i.

Kí Bàbá tó fun ohunkóhun, wọ́n tú hàmóníkà kan palẹ̀ sórí tábìlì. Ìbòrí irin kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀. Lábẹ́ wọn ni abala idẹ méjì wà, ewé idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ 10 sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kan ìdí wọn mọ́lẹ̀, wọ́n fi orí wọn sílẹ̀ kó lè máa mì. Igi tí wọ́n gbẹ́ ihò 10 sí ló wà láàrin. Bí èèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò kan, ewé kan á gbọ̀n. Bó bá fa èémí láti inú ihò kan náà, ewé kejì á gbọ̀n. Nínú hàmóníkà tí wọ́n ṣe sí C, bí a bá fẹ́ ihò 1, C la máa gbọ́. Bí a bá fà á, D ni. Bàbá ní kí gbogbo wa wò ó dáadáa, torí pé ìwọ̀nba ohun tí ojú lè bá wa ṣe nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

Ní 1857 ni Matthias Hohner bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hàmóníkà ní Trossingen, ní Jámánì. Ní 1896, iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Marine Band jáde, òun ló sì wá gba ọwọ́ àwọn olórin blues kan. Owó rẹ̀ kò wọ́n, nítorí náà ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí kò lè fojú kan dùùrù, lè rí i rà. Àwọn tó ṣe é ní Jámánì tò ó lọ́nà tí orin á fi máa sinmi lórí ohùn tí a ń fẹ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà yí i padà, wọ́n gbé ìsinmi orin lọ sórí ohùn tí a ń fà, wọ́n ń fi hàmóníkà C kọ orin tó wà ní G. Ìdí ni pé, láti ihò 1 dé ihò 6, àwọn ohùn fífà ló gbà kí a tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ jù, kí wọ́n kérora, kí wọ́n bẹ̀bẹ̀. Inú ìyípadà yẹn ni gbogbo ohun tí a wá kọ́ ti jáde. Afunhàmóníkà blues ń mí orin sínú ni kó tó mí i síta.

Ahọ́n

Bàbá ní kí a ya ẹnu, kí ètè bo ihò mẹ́rin, láti 1 dé 4. Kí a wá tẹ́ iwájú ahọ́n lé ihò 1, 2 àti 3, kí èémí má rí ibòmíràn gbà bí kò ṣe igun ẹnu lápá ọ̀tún, níbi tí ihò 4 wà. Kí ahọ́n má ṣe le. Kó fẹ̀, kó rọ̀, kó kàn sinmi lórí igi náà. Nígbà tí a fa èémí báyìí, D nìkan ló dún. Bàbá ní kí a má dá èémí dúró, kí a kàn gbé ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: D, G, B, D. Ilé orin ni, G tó pé pérépéré. A dá ahọ́n padà, D ihò 4 tún ku òun nìkan.

Gbogbo ọgbọ́n ahọ́n gbígbọ̀n kò ju èyí lọ: gbé e, dá a padà, gbé e, dá a padà, kí ohùn ihò 4 má já rárá, kí àwọn ohùn yòókù máa wọlé máa jáde lábẹ́ rẹ̀. Etí tí kò mọ̀ á rò pé èèyàn méjì ló ń fun ún.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá tó ń ró kọ́, kọ́, kọ́, ìgbà 60 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ìró kan, a gbé ahọ́n. Ìró kejì, a dá a padà. A pẹ́ lórí èyí débi pé awakọ̀ tírélà náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, Bàbá ní kí a ṣe méjì sínú ìró kan, lẹ́yìn èyí mẹ́ta, lẹ́yìn èyí mẹ́rin. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré ju ẹ̀rọ náà lọ. Àwọn baba wa sọ ọ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ṣe gẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá sáré, èémí rẹ̀ á bá ahọ́n rẹ̀ sáré, ohùn tó yẹ kó gùn á já sí wẹ́wẹ́. Ahọ́n kò ní agbára tirẹ̀. Èémí tó ń lọ láìdúró ló ń gbé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ etí ti yé mi yékéyéké nìyí. Bàbá di ojú wọn. Wọ́n ní kí a máa fun ún lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹnu kálukú. Wọ́n ní ti nọ́ọ̀sì náà, B ń jò lábẹ́ D rẹ̀, ìyẹn ni pé etí ahọ́n rẹ̀ kò bo ihò 3 tán. Wọ́n ní ti ọkùnrin tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ń fún, ahọ́n rẹ̀ ti rìn kọjá lọ sí ọ̀tún, ó ti ń dí ihò 4. Wọ́n gbọ́ ìró kò-kò-kò kékeré lẹ́nu awakọ̀ wa, wọ́n sì ní kó dẹ ahọ́n rẹ̀, nítorí ahọ́n tó bá le á máa kan igi. Kò sí ẹnì kan tó yanu fún wọn. Nígbà tí kálukú tún ti ẹnu rẹ̀ ṣe, ohùn náà yàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti lo àkókò níwájú fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ni, mo sì mọ rírì wọn, ṣùgbọ́n fídíò kò lè gbọ́ ọ kó sọ fún ọ pé ihò 3 rẹ ń jò.

Bàbá fi àwọn ọgbọ́n mìíràn tó bá ahọ́n gbígbọ̀n tan hàn wá kíákíá. Èèyàn lè jẹ́ kí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dún fìrí, kó wá na ahọ́n mọ́ ọn pà. Ó lè gbé ahọ́n sí àárín, lórí ihò 2 àti 3, kí ihò 1 àti ihò 4 dún pọ̀, D ìsàlẹ̀ pẹ̀lú D òkè. Ó sì lè máa gbá ahọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Òmíràn wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú bíbo ihò rárá. Orí ahọ́n á wà lẹ́bàá ẹ̀yìn eyín òkè, á dẹ̀, èémí á sì mú un gbọ̀n drrr, bí àwọn ọmọdé ṣe ń fi ẹnu ṣe ìró mọ́tò nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré. Bí a bá ń fẹ́ atẹ́gùn síta, ó rọrùn. Bí a bá ń fa èémí, ó nira gan-an. Bàbá ní kí a fi í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, kí a má fi í ṣe ọbẹ̀.

Lódìkejì odò

Ní ọ̀sán, díẹ̀ lára wa gba orí afárá Odò Mississippi kọjá sí Helena, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ìlú yẹn ni iléeṣẹ́ rédíò KFFA ti bẹ̀rẹ̀ ètò King Biscuit Time ní November 1941. Ẹni tó ń fun hàmóníkà níbẹ̀ ni Rice Miller, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sonny Boy Williamson, orúkọ tó gbà lò nígbà tí John Lee Williamson tó kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ ṣì wà láàyè. Ìyẹ̀fun ni ètò náà ń polówó, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́, ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ oko ń jẹun. Sunshine Sonny Payne ló ṣe olóòtú rẹ̀ láti 1951 títí ó fi kú ní 2018.

Mo dúró ní Delta Cultural Center, níbi tí ètò náà kó wá nígbẹ̀yìn, mo sì ń ronú nípa ohun tí rédíò ṣe. Ọmọdé tó wà lóko òwú kò rí Sonny Boy. Kò rí ọwọ́ rẹ̀, kò rí ẹnu rẹ̀. Ohùn nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. James Cotton, tí wọ́n bí ní Tunica, Mississippi, ní 1935, jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ Sonny Boy lórí rédíò, ó ń fun ohun tó gbọ́, kó tó wá di pé ó lọ bá a gbé, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá ọ̀gá rẹ̀ pàdé, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti wà ní etí rẹ̀. Mo ti máa ń rò pé wọn kò ní àǹfààní ni wọ́n ṣe kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní Helena, mo rí i pé àǹfààní gan-an ni wọ́n ní. Ohun tí kò ṣeé wò, ojú kò lè ṣì wọ́n lọ́nà nípa rẹ̀.

Ọ̀fun

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá ní kí a kó hàmóníkà sílẹ̀. Wọ́n ní kí a ya ẹnu, kí a mí síta wọ́ọ́rọ́, kí a wá fi ọ̀fun gé èémí náà sí wẹ́wẹ́, ha, ha, ha, láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ikọ́ tí kò pariwo ni. Lẹ́yìn náà, kí a ṣe ohun kan náà bí èémí bá ń wọlé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Gbogbo wa ló mọ bí a ṣe ń húkọ́ síta. Kò sí ẹni tó ń húkọ́ sínú. Bẹ́ẹ̀ fífà ni orin blues fi ń rìn.

Ohùn àkọ́kọ́ tí mo fà jáde já sí ègé, ó dún bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá ní bó ṣe yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí ọ̀fun kọ́kọ́ mọ bí a ti ń sé ọ̀nà pátápátá, kó tó mọ bí a ti ń sé e dé ìdajì. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé ìka mi lé gògóńgò wọn, wọ́n sì fa ihò 2. Mo retí kí nǹkan ta lábẹ́ ìka mi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kéré gan-an, ìrìn kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀, ara wọn yòókù dákẹ́. Ohùn tó ń jáde nígbà yẹn sì kún gbogbo yàrá. Mo gbé ọwọ́ lé ọ̀fun tèmi. Iṣan ọrùn mi ti le, àgbọ̀n mi ń mì. Bàbá ní àgbọ̀n tó bá ń mì, ọ̀fun kò tíì ṣiṣẹ́. Kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n kó dúró jẹ́ẹ́, kí n sì jẹ́ kí èémí ti ìsàlẹ̀ ikùn wá.

Ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ìró kan, ẹ̀ẹ̀kan. Ìró kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó dé mẹ́rin sínú ìró kan, tí ọ̀fun sì ń sé dé ìdajì péré, ohùn náà kò já mọ́. Ó gùn, ó sì ń gbọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni Bàbá fi ohun tó jinlẹ̀ jù hàn wá. Bí èèyàn bá tẹ ohùn náà wálẹ̀ díẹ̀ ní àkókò kan náà, gbogbo ìgbà tí ọ̀fun bá sé ni yóò máa fà á sísàlẹ̀ sí i. Kì í tún ṣe pé ohùn ń lágbára tó sì ń rọlẹ̀ nìkan mọ́. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí ó ti ń dà bí ẹni tó ń sunkún nìyẹn.

Wọ́n bu omi fún wa nínú ife. Wọ́n ní kí a fi fọ ọ̀fun, kí a gbé orí sókè kó máa hó ní ẹ̀yìn àjà ẹnu, lẹ́bàá bẹ̀lúbẹ̀lú, kí a tu ú nù, kí a wá gbìyànjú irú ìgbọ̀n yẹn láìsí omi, sínú hàmóníkà. Ohùn tó jáde rí wúruwùru, ó ń kùn. Wọn kò jẹ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí a máa mu omi déédéé, kí ẹni tí ọ̀fun bá ń dùn dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, torí ìrora túmọ̀ sí pé agbára ti rọ́pò ọ̀nà.

Lálẹ́

Lálẹ́, a lọ sí ilé ijó kan tí kò jìnnà sí odò Sunflower. Ọkùnrin kan gbé hàmóníkà pọ̀ mọ́ máìkì nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọ̀nà tí Little Walter, ọmọ Marksville ní Louisiana, mú gbajúmọ̀ ní Chicago. Orin "Juke" tí Little Walter gbà sílẹ̀ ní May 1952, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, gba ipò kìíní lórí àtẹ àwọn orin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Chicago kún fún àwọn tó fi oko òwú Mississippi sílẹ̀, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin Illinois Central lọ sí àríwá láti wáṣẹ́. Ariwo ìlú ńlá ló mú kí wọ́n nílò máìkì. Máìkì sì sọ ìṣípòpadà kékeré inú ọ̀fun di ohun tí gbogbo ilé lè gbọ́.

Mo di ojú mi bí Bàbá ti ṣe. Mo gbọ́ ibi tí ahọ́n ti gbéra, tí G kún inú yàrá, tí ó sì tún padà. Mo gbọ́ ọ̀fun lórí ohùn gígùn ìparí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ méjèèjì pọ̀, ahọ́n dúró lórí ihò, ọ̀fun ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, mo sì wá mọ ìdí tí Bàbá fi fẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ahọ́n bo ihò. Ahọ́n tó bá sinmi síwájú á fi ẹ̀yìn ẹnu sílẹ̀ gbayawu, ọ̀fun á sì rí àyè ṣiṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ariwo dídùn kan ni gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́ létí mi.

Tutwiler kò jìnnà sí Clarksdale, ibẹ̀ ni wọ́n sin Rice Miller, Sonny Boy orí rédíò yẹn, sí ní 1965. Lillian McMurry, tó ni iléeṣẹ́ Trumpet Records tí Miller ti kọ́kọ́ ṣe àwo, ló gbé òkúta sórí sàréè rẹ̀. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń fi hàmóníkà sílẹ̀ lórí òkúta náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dípẹtà. Mo kíyè sí i pé ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún un ni ohun tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí kò rí i sójú rí.

Mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Hàmóníkà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn oníwéré kan a máa fun ún láàrin orin ààwẹ̀ kí fújì tó dé, ewé tó ń gbọ̀n bíi tirẹ̀ ló sì ń dún nínú àkọ́díọ̀nù tí I.K. Dairo fi sọ jùjú di tuntun. Etí tó ń gbọ́ ohun tí dùndún ń sọ, tó mọ ìgbà tí ohùn gòkè díẹ̀ àti ìgbà tó yọ̀ wálẹ̀, ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ náà kó tó fọwọ́ kan hàmóníkà. Kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ra oníhò 10 tó wà ní C. Kó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ mọ bí ohùn kan ṣe ń gùn láìjá. Kó gbé ahọ́n kó sì dá a padà pẹ̀lú ìró tó lọ́ra, kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kó di ojú, kó gbọ́ ọ. Bí ohun kan bá ń jò, yóò gbọ́ ọ. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, ahọ́n á mọ ohun tó yẹ kó ṣe.